Ta Ló Jí Kabúrétọ̀ Dáfídì?

Ẹjọ́ tó dé Ìga Onígbàgede lánàá, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kọ́ ló fi rìn wọlé, wọ́n tì í wá ni. Ọkùnrin mẹ́fà fi èjìká ti mọ́tò Jámánì aláwọ̀ ewé kan láti ìsàlẹ̀ Jankara títí dé iwájú ilé Olóyè wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àárọ̀ kùtù ni, ọyẹ́ ń fẹ́, ètè gbogbo ayé ti gbẹ, síbẹ̀ àwọn ọkùnrin náà ń làágùn. Ẹni tó ni mọ́tò ò ti nǹkan kan. Ó jókòó sínú rẹ̀, ó wọ kóòtù, ó so táì, ó di sitiárìn mú bí ẹni tó ń wà á lóòótọ́.

"Ẹ rọra o! Ẹ má ha ọ̀dà ara rẹ̀!"

Dáfídì nìyẹn, ará Ìjẹ̀bú tó ń ta abọ́ tánganran ní Jankara. Òun ló pẹjọ́.

Mọ̀núrù, ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́, ti wà lórí ẹní kí wọ́n tó dé. Mẹkáníìkì ni, ọmọ onílẹ̀ ni, láti ọjọ́ Àìkú ni wọ́n sì ti ń pè é lólè. Ẹ̀yin náà kúkú mọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Bí wọ́n bá pè ọ́ lólè ní Igbosere, kí o tó rìn dé Marina wọ́n á ti mọ iye ewúrẹ́ tí o jí kó àti àwọ̀ ara wọn. Ṣùgbọ́n ariwo ọjà kọ́ ló ń dun Mọ̀núrù. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n fẹ́ so yìgì òun àti Memunat, bàbá Memunat, Alàájì Jimoh, sì ti wà ní igun kan nínú ìga náà, ó ká ẹsẹ̀ jọ, ó ń fa tẹ̀súbáà. Ọ̀rọ̀ tí Alàájì sọ fún un kò gùn: "Bí Olóyè bá ní o jalè, má tẹ ẹnu ọ̀nà mi mọ́ láéláé. Bí ó bá ní o ò jalè, wá mú ìyàwó rẹ." Memunat alára dúró lẹ́yìn òpó, ó fi ìborùn bo orí, ojú nìkan là ń rí. Mọ̀núrù wo ojú náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó yáa wolẹ̀.

Olóyè Onígbàgede dé fìlà funfun rẹ̀, ó di ojú. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ó ń sùn. Ọ̀pọ̀ òpùrọ́ ló ti tipa bẹ́ẹ̀ já sí kòtò.

"Dáfídì," ló wí, ojú ṣì dì, "kí ni wọ́n jí lọ́wọ́ rẹ?"

"Kabúrétọ̀ mọ́tò mi ni, Olóyè."

Bàbá Jíbrílù, tó dàgbà jù nínú ìgbìmọ̀, na ọrùn síwájú. "Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé nǹkan ẹlẹ́mìí ni?"

Ọkùnrin kan fò dìde láàárín èrò. Bashiru ni, mẹkáníìkì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ti Mọ̀núrù, tó kọ ỌBA KABÚRÉTỌ̀ gàdàgbà sára pátákó. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Òun ló ń po epo bẹntiróòlù mọ́ afẹ́fẹ́, bí ìyá ṣe ń po ẹ̀kọ fún ọmọ. Ẹ́ńjìnnì tí kò bá ní kabúrétọ̀, ebi ni yóò lù ú pa."

"Ta ló ní kí o sọ̀rọ̀?" Olóyè bi í.

"Ẹlẹ́rìí ni mí, Olóyè."

"Ẹlẹ́rìí a máa dúró kí wọ́n pè é. Jókòó. Dáfídì, rojọ́ rẹ."

Dáfídì tún táì rẹ̀ ṣe. "Olóyè, ẹ̀yin ìgbìmọ̀, mo kí yín o. Ó di ọdún kẹrin tí àbúrò mi ti mú mọ́tò yìí bọ̀ láti Jámánì. Kò yọ mí lẹ́nu rí. Àfi ní oṣù tó kọjá tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Bí mo bá dúró díẹ̀ ní Marina kí ẹlẹ́sẹ̀ kọjá, á wú u hẹ̀, hẹ̀, hẹ̀, á sì kú. Mo pe Mọ̀núrù yìí. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó pa á dé, ó tún ṣí i. Odindi ọjọ́ méjì ló fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wá ní kí n má fòyà, ó ní imú mọ́tò ló dí."

"Kí ló dí?"

"Imú, Olóyè."

Ìgbìmọ̀ wo ara wọn lójú.

"Ó yọ àpótí kékeré kan kúrò níbẹ̀, ó gbé irú rẹ̀ mìíràn sí i. Mọ́tò dá ṣáṣá! Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ó ń lọ geere. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ Àìkú, tí mo gbé ìyá mi, à ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó kú fin-ín sí ibùdókọ̀ CMS níwájú gbogbo ìjọ. Àwọn akọrin ń kọjá, wọ́n ń wò mí. Àlùfáà juwọ́ sí mi. Olóyè, àlùfáà juwọ́ sí mi!" Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Mo ránṣẹ́ pe Bashiru. Bashiru ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wò ó, ó káwọ́ lérí, ó ní, 'Yéè! Olè! Ẹ gbà mí o, wọ́n ti jí kabúrétọ̀ ọkọ̀ yìí!' Ta ló tú u gbẹ̀yìn? Mọ̀núrù ni. Kabúrétọ̀ mi ni mo fẹ́."

"O ti rí kabúrétọ̀ náà rí?"

"N kò rí i rí, Olóyè. Ta ló ti rí ẹ̀dọ̀ ara rẹ̀ rí? Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jí i, onítọ̀hún á mọ̀."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mọ̀núrù ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

"Mọ̀núrù, o gbọ́ ẹ̀sùn. O jí i àbí o ò jí i?"

Mọ̀núrù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, n kò jí i. Mọ́tò yẹn ò ní kabúrétọ̀."

"Ẹ ò gbọ́ nǹkan!" Bashiru kígbe. "Ó ti jẹ́wọ́!"

"Mo ní kò ní in rí! Láti ilé àwọn tó ṣe é ni kò ti ní."

Ariwo sọ. Irú rẹ̀ ò tíì dé etí ẹnikẹ́ni ládùúgbò yìí. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá ní òun mọ adìẹ kan tí kò ní àgógó ẹnu.

Bàbá Jíbrílù ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ. "Ibo ló wá ń gbà jẹun?"

Ìbéèrè tí ń ba Mọ̀núrù lẹ́rù láti àárọ̀ gan-an nìyẹn. Ó ti ro òtítọ́ náà síwá, ó ti rò ó sẹ́yìn, ibi yòówù kó gbé e gbà, ó ń dún bí irọ́. Kò sí ohun tó lè ṣe sí i. Ó mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, mọ́tò yìí ní imú. Ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ kan wà nínú imú náà. Bí mọ́tò bá mí, afẹ́fẹ́ á ti ilẹ̀kùn yẹn. Tó bá mí púpọ̀, ilẹ̀kùn á ṣí gbayawu. Tó bá mí díẹ̀, á ṣí díẹ̀. Ibi tí ilẹ̀kùn bá ṣí dé, wáyà á lọ sọ ọ́ fún ọpọlọ."

"Ọpọlọ ta ni?"

"Ọpọlọ mọ́tò, Bàbá. Òun ló máa wá ṣírò iye epo tó yẹ kí ẹ́ńjìnnì mu."

Tẹ̀súbáà dúró lọ́wọ́ Alàájì Jimoh.

"Níbo ni ọpọlọ ọ̀hún wà?" Olóyè bi í. Ojú rẹ̀ kan là díẹ̀.

Mọ̀núrù wolẹ̀. "Abẹ́ ìdí ẹni tó bá jókòó ti awakọ̀ ni."

Ẹ̀yin ará, òrùlé ìga yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí! Ẹni tó ń mu omi lọ́wọ́, imú ló gbà jáde. Dáfídì di orí ara rẹ̀ mú. "Ìyá mi ló máa ń jókòó síbẹ̀! Ṣé orí ọpọlọ ni ìyá mi ti ń jókòó láti ọdún mẹ́rin?"

"Olóyè," Bashiru ní, "ṣé ẹ ti rí i báyìí? Ó jalè tán, ó wá ń ya wèrè lé e."

Mọ̀núrù yíjú sẹ́yìn òpó. Memunat ti fi ìborùn bo gbogbo ojú, èjìká rẹ̀ méjèèjì ń gbọ̀n. Kò mọ̀ bóyá ẹkún ló ń sun àbí ẹ̀rín ló ń rín. Èyí dùn ún wọ egungun.

Olóyè gbé ọwọ́ sókè, ariwo rọlẹ̀. "Bashiru, ó kàn ọ́ wàyí. O ní wọ́n jí kabúrétọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Olóyè. Ó di ọdún méjìlélógún tí mo ti ń fọ kabúrétọ̀. Bí mo bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí n kò rí i, olè ti débẹ̀ ṣáájú mi nìyẹn."

"Mọ́tò tí kò ní in, ṣé ó lè rìn?"

"Kò lè rìn ní ẹsẹ̀ bàtà kan."

"Dáfídì, lẹ́yìn tí Mọ̀núrù tú mọ́tò yìí, ṣé ó rìn?"

"Ó rìn, Olóyè. Ó sáré gan-an ni. Ọjọ́ mẹ́ta."

"Bashiru?"

Bashiru họ orí. "Ó ń lo àṣẹ́kù ni."

"Àṣẹ́kù kí ni?"

"Àṣẹ́kù kabúrétọ̀, Olóyè. Bí ẹ bá sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí iná, ṣé ọbẹ̀ inú rẹ̀ ò ní máa hó fúngbà díẹ̀ sí i ni?"

Ni àwọn ìgbìmọ̀ bá ń mi orí, wọ́n ní ó lọ́gbọ́n nínú. Ẹnu ya Mọ̀núrù. Òun tó sọ òtítọ́, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó pa irọ́ ọbẹ̀, wọ́n ń mi orí fún un. Ó rí Sátidé bó ṣe ń sá lọ lójú ara rẹ̀.

"Ó dáa," Olóyè ní. "Ibi tí èèyàn bá ti jókòó pẹ́, ilẹ̀ ibẹ̀ a máa jọ ibi tí èèyàn jókòó sí. Dìde, Bashiru, wá fi ibi tí kabúrétọ̀ yìí jókòó sí hàn mí. Ihò tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ gbà wọlé ńkọ́? Ojú ibi tí wọ́n ti tú u ńkọ́?"

Gbogbo ìga tú síta. Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, Bashiru ki orí bọ inú rẹ̀. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó dùbúlẹ̀ wo ìsàlẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun ní tọ́ọ̀ṣì nígbà tí ilẹ̀ ti mọ́ kedere. Nígbà tó máa yọrí, ọ́ìlì ti kùn ún níwájú orí bí tìróò tó ṣìnà.

"Níbo ni?"

"Olóyè," ni Bashiru wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, "ọ̀rọ̀ yìí le ju bí mo ṣe rò lọ. Ó jí ibẹ̀ pẹ̀lú."

"Ó jí kí ni?"

"Ó jí ibi tó wà. Ihò, ìjókòó, gbogbo rẹ̀ pátápátá. Ògbólógbòó olè ni!"

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: ẹ̀rù ba àwọn kan. Obìnrin kan nínú èrò fa àpò rẹ̀ mọ́ra, ó ń wo ọwọ́ Mọ̀núrù. Alàájì Jimoh fi ibi tó wà sílẹ̀, ó lọ dúró síwájú ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jí ibi tó dúró sí.

Mọ̀núrù rí i. Kò mọ ìgbà tó ké. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìka ara yín kàn án! Bí mo ṣe wá àrùn rẹ̀ rí ni n ó ṣe fi hàn yín. Mo wo epo, epo ń dé. Mo yọ pọ́lọ́ọ̀gì, iná ń ṣẹ́. Mo wá yọ rọ́bà tó bo imú rẹ̀, mo fi ìka ti ilẹ̀kùn inú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì jí. Mo yọ ìka, ó kú. Mo tún tì í, ó tún jí. Ilẹ̀kùn ọ̀hún ló ti gbó, ó ń há. Ìyẹn ló gbé mi lọ sí ọ̀nà Ìkòròdú níbi tí wọ́n ń kó òkú mọ́tò sí, mo tú irú rẹ̀ kan lára èyí tó ti ní jàǹbá, mo wá pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo fi í sílẹ̀, ilẹ̀kùn tuntun yẹn ń ṣí, ó ń padé bí ìpéǹpéjú. Bí ó bá há lónìí, kì í ṣe ọwọ́ mi ló ṣe é."

Olóyè ká apá agbádá rẹ̀ sókè. Láti ìgbà àjọ̀dún Fẹ́sítáàkì, ẹnikẹ́ni ò rí i kó fọwọ́ ara rẹ̀ kan nǹkan kan nídìí ẹjọ́. Mọ̀núrù tú irin tó di rọ́bà mú, ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, imú mọ́tò sì là síta. Olóyè ti ìka bọ̀ ọ́.

"Ilẹ̀kùn wà níbẹ̀ lóòótọ́," ló wí.

Èrò kùn yùn-ùn.

"Ṣùgbọ́n ó há."

"Ó há bí ti báwo, Bàbá?"

Olóyè yọ ìka jáde. Nǹkan kan lẹ̀ mọ́ ọn, ó funfun, ó ń dán. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó tún gbóòórùn rẹ̀. Ó nà án sí Bàbá Jíbrílù. Bàbá Jíbrílù gbóòórùn rẹ̀, ó fá a kúrò lára ìka Olóyè, ó sì fi pa ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí ọyẹ́ ti hán.

"Òrí ni," ló wí. "Òrí gidi."

"Mọ̀núrù, ṣé ẹ máa ń lo òrí nídìí iṣẹ́ yín?"

"Rárá o, Bàbá!"

"Bashiru?"

"Girísì là ń lò, Olóyè. Òrí kẹ̀?"

"Ta ló wá fi òrí sí imú mọ́tò?"

"Èmi ni."

Ìyá Dáfídì ló dáhùn, ìyá arúgbó tó ti jókòó jẹ́ẹ́ sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà látàárọ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún lẹ́bùn.

"Màmá!" Dáfídì lọgun.

"Kí lò ń pariwo lé mi lórí sí? Ṣé wọn ò ní imú rẹ̀ dí ni? Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ, mẹkáníìkì yìí ló sọ ọ́. Ọyẹ́ dé, imú ọmọ dí, kí la fi ń sí i? Ìwọ Dáfídì, kí ni mo fi sí imú tìrẹ títí o fi pé ọmọ ọdún méje?"

"Òrí ni, Mà."

"Ṣé o kú?"

"N kò kú, Mà."

"Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀!" Ó yíjú sí ìgbìmọ̀. "Mo rí bí Mọ̀núrù ṣe tú irin rọ́bà yẹn. Kọ́bọ̀ kan ni mo fi ń tú u lárààárọ̀ kí Dáfídì tó jí, mo ń fi ìyẹ́ adìẹ ki òrí bọ̀ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo tún ń sọ fún un pé pẹ̀lẹ́. Ọ̀fìnkìn lásán làsàn, wọ́n fẹ́ tú ọkọ̀ ọmọ mi ká!"

Ẹkún ń gbọ̀n Mọ̀núrù, ẹ̀rín sì ń gbọ̀n ọ́n. Kí ọ̀rọ̀ lè tètè yé Dáfídì ló ṣe ní imú ló dí. Ẹnu ara rẹ̀ ló kó bá a. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ló ní ó ń ro mọ́tò ni, ìyá yìí ìbá ti fi omi gbígbóná jó táyà rẹ̀.

"Ìdí tó fi ń kú láàárọ̀ nìyẹn," ni Mọ̀núrù wí. "Ọyẹ́ àárọ̀ á mú òrí dì, ilẹ̀kùn á há. Tó bá di ọ̀sán, tí oòrùn mú, òrí á yọ́, mọ́tò á tún máa lọ."

"Òótọ́ ni!" Dáfídì fò sókè. "Kì í kú lọ́sàn-án! Ọ̀sán ọjọ́ Ajé, mo gbé e lọ sí Igbosere, ṣe ló ń fò!"

Bashiru yíjú sí i, inú ń bí i. "Ìwọ lo sọ fún mi pé kò ṣípò mọ́ láti ọjọ́ Àìkú!"

"O ò bi mí léèrè ọ̀sán."

"Fọ̀ ọ́," Olóyè sọ fún Mọ̀núrù.

Mọ̀núrù rẹ àkísà sínú bẹntiróòlù. Àkísà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó nu imú náà nínú lóde, ó nu etí ilẹ̀kùn, ó nu igun rẹ̀, òrí inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún àwo. Ó fi ìka tì í wò, ilẹ̀kùn lọ, ó padà wá wẹ́rẹ́. Ó dá rọ́bà padà, ó dì í. Dáfídì yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, kò wúkọ́, kò kọsẹ̀, ó ń kùn bí ológbò tó jẹun yó. Gbogbo àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, àwọn ọkùnrin mẹ́fà tó tì í wá ló pa á jù.

"Alàájì Jimoh," Olóyè ní, "ojú rẹ rí i. Ọmọ yìí kò jalè. Ọ̀rọ̀ rẹ ńkọ́?"

Alàájì tọ́ irùngbọ̀n rẹ̀. "Alihamudulilai, Olóyè. Mo gbà pé kò jalè. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, èwo ló sàn, kí n fi ọmọ mi fún olè, àbí kí n fi í fún ẹni tó ní mọ́tò ní ọpọlọ lábẹ́ ìdí? Olè, wọ́n á mú un, wọ́n á tún fi í sílẹ̀. Wèrè ńkọ́?"

Mọ̀núrù kàn jókòó sílẹ̀ ni. Òtítọ́ tó yọ ọ́ nínú olè ló tún wá sọ ọ́ di wèrè yìí.

Memunat bá bọ́ sójú agbo. Ẹ̀rín ló ti ń rín látàárọ̀, omi ẹ̀rín ò tíì gbẹ lójú rẹ̀. "Bàbá mi, ẹ̀yin lẹ ní bí kò bá jalè kó wá mú mi."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. N kò tíì gbọ́ nípa ọpọlọ nígbà yẹn."

Ìgbóyà ọmọ yìí ló gbé Mọ̀núrù dìde. Ó ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, ó gbé àga ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ sókè. Àpótí irin pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ rẹ̀, wáyà yọ lára rẹ̀ yamùyamù. "Òun nìyí, Alàájì."

Alàájì Jimoh fi ẹsẹ̀ méjì sẹ́yìn. "Ó ń ronú lọ́wọ́ báyìí?"

"Ó ń ṣírò epo lọ́wọ́, Sà."

"Ṣé ó ń rí mi?"

"Kò ní ojú, Sà."

"Ó ní imú, ó ní ọpọlọ, kò wá ní ojú! Ẹ gbọ́ bí? Wèrè ni."

Olóyè padà sórí àga rẹ̀. Ó la ojú méjèèjì, gbogbo wa sì mọ̀ pé ìdájọ́ ti dé.

"Bashiru. O pe ọmọ ọlọ́mọ lólè nítorí ohun tí kò sí. Lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ, wá kabúrétọ̀ tó bá wúwo jù níbẹ̀, kí o so ó mọ́rùn. Gbogbo ibi tí o ti ké olè, láti CMS dé Jankara, dúró níbẹ̀ kí o ní, 'Ẹ wá wò ó, mo ti rí i, ọrùn mi ló wà.' Bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè ibi tó wà tẹ́lẹ̀, sọ fún wọn pé wọ́n ti jí ibẹ̀.

"Dáfídì. O pẹjọ́ nítorí ohun tí o ò rí rí. Ìwọ ni wàá wa ìyàwó lọ sílé ọkọ lọ́jọ́ yìgì, pẹ̀lú kóòtù àti táì yìí. Bí mọ́tò bá kú lọ́nà, ìyàwó ò ní sọ̀ kalẹ̀, ìwọ ni wàá tì í.

"Ìyá, ẹ̀yin ò jẹ̀bi. Ẹni tó fi òrí sí imú kò ṣe ibi rí. Ẹ ṣáà fi kọ́bọ̀ yẹn sílẹ̀ níbí."

"Bí ọ̀fìnkìn bá tún wá mú un ńkọ́?"

"Ẹ ránṣẹ́ sí mi, Ìyá. Ẹ má dá a ṣe."

Ìyá tú ìdí aṣọ, ó yọ kọ́bọ̀ kan lé ẹní, ó ń ráhùn lábẹ́lẹ̀.

"Ó wá ku ìwọ, Alàájì." Olóyè rọra fọwọ́ lẹ́rán. "O ní wèrè ni ọmọ yìí. Èmi ò mọ ìwé Jámánì, n kò lè fi ẹnu lásán dá èyí. A ó dán an wò ni. Lọ́jọ́ Sátidé, láti ilé rẹ dé mọ́sáláṣí, orí àga yẹn ni wàá jókòó sí, ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ nípa ọkọ ọmọ rẹ, máa rò ó lọ. Bó bá jẹ́ irin lásán ló wà lábẹ́ ìdí rẹ, wàá sọ̀ kalẹ̀ ní àlàáfíà, wàá wí fún wa pé wèrè ni ọmọ yìí, yìgì á tú ká. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọpọlọ..." Olóyè sinmi díẹ̀. "Ìwọ àti òun lẹ jọ máa mọ ohun tí o rò."

Mọ́tò ń kùn níta. Alàájì Jimoh gba ẹnu ọ̀nà wo àga mọ́tò náà, ó wo àpótí abẹ́ rẹ̀, ó fi fìlà nu òógùn nínú ọyẹ́.

"Olóyè, ṣé dandan ni kí n jókòó síbẹ̀?"

"Bí o ò bá ṣiyèméjì, kí lo fẹ́ jókòó wádìí?"

"N kò ṣiyèméjì rárá."

"Wèrè wá ni ọmọ yìí?"

"Wèrè bí ti báwo? Ta ló sọ ọ́? Ọmọ tó gbọ́n báyìí! Kí la tún ń dúró de Sátidé fún? Ẹ ránṣẹ́ pe Ààfáà kíá!"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe so yìgì náà lánàá, nínú ìga, kí Ààfáà tó lọ kírun ọ̀sán. Bẹntiróòlù ò tíì gbẹ lọ́wọ́ ọkọ ìyàwó. Olóyè bọ́ agbádá ọrùn rẹ̀ fún un kó fi bo ọ́ìlì ara aṣọ iṣẹ́, Mọ̀núrù sì ń sunkún gbangba, kò tijú ẹnikẹ́ni. Dáfídì wa ìyàwó lọ sílé ọkọ pẹ̀lú kóòtù àti táì, mọ́tò ò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní kí Alàájì Jimoh wọ mọ́tò, kó jókòó síwájú, ó ní rárá, ẹsẹ̀ òun ń fẹ́ ìrìn. Ó fẹsẹ̀ rìn títí dé ibẹ̀. Nígbà tó dé, wọ́n gbé àga onítìmùtìmù wá fún bàbá ìyàwó. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó tẹ́tí sí i díẹ̀, ó ní òun á kúkú wà lórí ìdúró.